Alága Tó Lẹ Ojú Ara Rẹ̀ Mọ́ Abẹ́ Pákó

Àwọn kan wà ní Peckham, ní London, tí wọ́n rò pé àwọn ti rí agbéraga rí. Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pàdé Alhaji Làtíìfù Oyèníran, eléré lásán ló tíì rí.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọba. Kì í ṣe mínísítà, kì í ṣe adájọ́, kò sì sí abúlé kan báyìí tí ó ń ṣàkóso lábẹ́ ọ̀run. Alága ẹgbẹ́ kékeré kan ni, Ẹgbẹ́ Eré Orí Yìnyín, tí ìdílé Mùsùlùmí mẹ́tàdínlógún dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn má baà máa fi gbogbo Sátidé wo fóònù. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, ó di gbọ̀ngàn ńlá kan lẹ́yìn ìlú níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe òjò dídì sínú ilé, ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ tí oòrùn ń ta. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gun pákó gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní snowboard. Wọ́n á ki bàtà wọn bọ inú ìdè tó wà lórí pákó náà, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ láti òkè bí omi tí a dà sórí gíláàsì.

Nígbà tí alága àkọ́kọ́ kó padà sí Ìlọrin, wọ́n wá ẹni tó mọ lẹ́tà kọ. Alhaji Làtíìfù ti fi ọdún méjìlélógún ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Catford, níbi tí ó ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà àwọn tó páàkì ọkọ̀ síbi tí kò tọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì, àárò òǹtẹ̀ sì ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe fi í jẹ alága nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ó fi tẹ káàdì tí ó kọ sára rẹ̀ pé: *Ọlọ́lá Jùlọ, Alhaji Làtíìfù Oyèníran, Alága Àgbà àti Olùdarí Yìnyín fún Gbogbo Gúúsù London.* Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá a rò. Ta ní ń darí yìnyín? Bí òjò dídì bá fẹ́ bọ́ sí New Cross, ṣé yóò kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Bí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú kan, yóò sọ fún yín pé ní ọdún 1994 òun fi pákó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan ní Austria, tí àwọn òyìnbó sì ń ṣí fìlà fún òun. Irọ́ funfun báláú ni. Ní 1994, òǹtẹ̀ ló ń lù ní Catford. Yìnyín kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ tíì kàn ni èyí tó máa ń dì sára fìrísà wọn nílé.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ gan-an ni Aunty Mìsítúrà. Nunhead ló ń gbé, ibi ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méje ló ti fi ń tọ́jú irinṣẹ́ ẹgbẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé. Bí okùn ìdè bá já, yóò fi òwú pupa rán an. Bí abẹ́ pákó bá gbẹ, yóò yọ́ ìda sí i pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù àtijọ́. Ó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe mọ orúkọ wọn. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Nusaybah ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nusaybah ti pé ogún ọdún báyìí, ó ń kàwé ní New Cross, kò sì sí ẹni tó mọ pákó gùn tó o nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ Nusaybah yìí sì ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó ni gbọ̀ngàn òjò dídì ti kọ̀wé pé láti oṣù kìn-ín-ní, ẹgbẹ́ tí kò bá ní olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí kò ní rí wákàtí Sátidé gbà mọ́. Nusaybah ni yóò ṣe ìdánwò náà, ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá, ní aago mọ́kànlá. Bí ó bá yege, ẹgbẹ́ wà. Bí ó bá kùnà, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n padà sídìí fóònù.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni ìwé ọjà dé láti ọ̀dọ̀ ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ra irinṣẹ́. Apá kìíní ń sọ nípa ọjà tuntun fún sáà tó ń bọ̀. Apá kejì ń to orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ kò ní ṣe mọ́. Ìwé tí ẹlòmíràn ìbá fi bo ọtí bíntín, ẹ dákun, ìwé tí ẹlòmíràn ìbá fi bo ife tíì, ni Alága gbé sórí ìrọ̀rí bí òfin ìlú. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

Hamid, akọ̀wé, ló dìde láti kéde pé Alága ń wọlé bọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Alága wọlé lọ́jọ́ náà, nítorí àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ kò dún tó, ìkejì sì bọ́ sí àkókò tí ẹnìkan ń húkọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Alága na ìwé ọjà náà sókè. "Ayé ń yí, yìnyín náà ń yí! Àná ti di àkísà, òní gan-an ti ń gbó lọ, ọ̀la nìkan ló mọ́ tónítóní. Mo ti ka ìwé yìí ká, omijé sì bọ́ lójú mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ẹ̀gbin là ń gbé? Pákó aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ wa ń gùn: discontinued!"

"Káì!" ni Hamid wí.

"Bàtà olókùn: discontinued!"

"Yéè!"

"Ìdè tí a ń fi ọwọ́ fà: dis-con-ti-nued!"

Hamid di orí mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Àwọn òbí kan ń wo ara wọn. Aunty Mìsítúrà ló na ọwọ́.

"Chairman, ẹ jọ̀ọ́. Discontinued yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn ò ní ṣe òmíràn mọ́. Kò túmọ̀ sí pé èyí tó wà nílẹ̀ ti bàjẹ́. Ìkòkò tí mo fi ń se ìrẹsì ìpàdé yìí, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọn ò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì bu ìrẹsì ibẹ̀ lóṣù tó kọjá."

Ẹ̀rín bú jáde. Alága dúró kí ó tán. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Ìyáàfin Mìsítúrà, ìkòkò kọ́ là ń sọ. Technology là ń sọ. Ọkàn tó ti gbó kò lè tọ́jú ohun tuntun. Láti òní lọ, ẹ sinmi. Mo fi Ọ̀gbẹ́ni Hamid jẹ Olùdarí Ohun Tuntun."

Hamid dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tí kò mọ ẹ̀yìn pákó yàtọ̀ sí iwájú ló di olùtọ́jú pákó.

Aunty Mìsítúrà kò bá a jà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ.

Alága bá ilé ìtajà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n kó ogójì pákó àtijọ́ lọ pẹ̀lú bàtà àti ìdè wọn, kí wọ́n fi ogún tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ọjà. Ó yan bàtà ojú ewé kejìlá nítorí pé ó ń dán bí fàdákà. Ó yan ìdè ojú ewé ọgbọ̀n nítorí pé wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ NEW sí i lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé kò ní okùn rárá: bàtà yóò kàn wọlé, yóò ró *kà*, ó parí. Nísàlẹ̀ ojú ewé ọgbọ̀n yìí, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà wíńníwínní pé bàtà tó bá ní irin kékeré lábẹ́ gìgísẹ̀ nìkan ni ìdè náà ń gbà. Bàtà ojú ewé kejìlá kò ní irin kankan. Àmọ́ Alága kì í ka lẹ́tà kékeré. Ó ní àwọn ènìyàn kékeré ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ní ti tirẹ̀, kò yan káàkiri. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ìwé fún òun gẹ́lẹ́ bó ṣe wà: pákó aláwọ̀ wúrà, bàtà aláwọ̀ wúrà, àti ìdè tó bá bàtà náà mu.

Ó ku ohun kan. Alága fẹ́ kí ojú òun wà lára pákó kọ̀ọ̀kan. Hamid ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sókè, ṣùgbọ́n Alága bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi bàtà tẹ olórí wọn mọ́lẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sórí rọ́bà alẹ̀mọ́ra, tòun ti fìlà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó, ibi tó ń fara kan yìnyín. "Nígbà tí ọmọ bá fò sókè," ni Alága wí, "gbogbo ayé yóò rí mi lójú òfuurufú." Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò tíì lè dúró lórí pákó fún ìṣẹ́jú kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti fífò.

Nusaybah wá bá a ní gbọ̀ngàn ìpàdé lọ́jọ́ tí ẹrù dé, Aunty Mìsítúrà tẹ̀ lé e.

"Uncle, ẹ kúulé. Pákó mi àtijọ́ dà? I've been riding it three years. Ìdánwò mi ku ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọmọ mi, ó ti lọ. Ìwọ kọ́ ni wàá fi àkísà ṣojú mi níwájú òyìnbó."

Aunty Mìsítúrà ti mú bàtà kan nínú páálí. Ó gbé e lé ìdè, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ró. Ó yí bàtà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Chairman, bàtà yìí ò ní wọ inú ìdè yìí láéláé. Kò ní irin lábẹ́. Àti àwòrán tí ẹ lẹ̀ síbẹ̀ yìí, ìda ò ní mú un. Pákó ò ní yọ̀."

Alága wo Hamid. Hamid wo páálí.

"Ọjà tuntun ni," ni Hamid wí. "Bó bá pẹ́, yóò mọ́ ọn lára."

"Ẹ gbọ́ bí?" ni Alága wí. "Ìlara ò dáa, Ìyáàfin."

Nígbà tí wọ́n jáde, Nusaybah dúró lẹ́bàá òpópónà Rye Lane, ó ń sunkún pẹ̀lú ìbínú. "Aunty, he's going to finish us. Ẹ bá mi sọ fún wọn, please." Aunty Mìsítúrà ní òun ti sọ ọ́. Ó ní kí ó máa lo ti gbọ̀ngàn òjò dídì, èyí tí wọ́n ń háyà, kí ó fi ṣe ìmúrasílẹ̀. Nusaybah ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n pákó háyà dà bí ẹṣin ẹlòmíràn. Ó ń ṣubú níbi tí kì í ti í ṣubú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n yóò jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Alága sọ ọ́ di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ó gbé aṣọ àsíá gígùn kan wá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ó pe gbogbo òbí, ó sì wọ agbádá funfun lé jákẹ́ẹ̀tì òtútù lórí tí ó fi dà bí àgọ́ tí afẹ́fẹ́ kó sí. Ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin onídàánwò tó ti Scotland wá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Shiloh, ọmọbìnrin tó ń yẹ irinṣẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ló dá a dúró. Ó mú bàtà ọmọ kìíní, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdè. Kò ró. Ó mú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó mú ti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Ó ní òun kábàámọ̀, kò sí ọmọ kankan tí yóò gun òkè pẹ̀lú nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹsẹ̀ kò bá ti dè mọ́ pákó, ọmọ lè ṣẹ́ léegun. Ní ti pákó háyà, ẹgbẹ́ mìíràn ti gbà á tán fún wákàtí náà.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn òbí yí ojú sí Alága.

"Ọmọbìnrin," ni Alága wí ní Gẹ̀ẹ́sì tó ga ju òkè lọ, "ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Hamid, tí ìbá kàn dákẹ́, já lu ọ̀rọ̀: "Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Austria ni! Ó mọ irinṣẹ́ jù yín lọ!"

Shiloh wo bàtà wúrà tó wà lẹ́sẹ̀ Alága. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdè pákó wúrà. Ó ró *kà*.

"Èyí dára," ló wí. "Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún, ẹ lè wọlé."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ti ń dúró de ẹni. Nínú gbogbo ẹgbẹ́, ẹnìkan ṣoṣo tí irinṣẹ́ rẹ̀ pé ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Hamid ti ń pàtẹ́wọ́. Àwọn òbí gbà á, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Wọ́n fẹ́ rí Austria yẹn. Alága wẹ̀yìn wò, kò rí ọ̀nà.

"Ẹsẹ̀ wo lẹ máa ń fi síwájú?" ni Shiloh bi í.

"Méjèèjì," ni Alága dáhùn. "Olórí kì í fi ọ̀kan sẹ́yìn."

Shiloh fà á lọ lórí pákó sídìí òkè kékeré tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń kọ́ṣẹ́, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan ti ń fúnra rẹ̀ rìn gòkè. Ó ní kí ó yọ ẹsẹ̀ kan, kí ó fi rọra dúró. Alága kò yọ nǹkan kan, nítorí kò mọ bí wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó fò gbì bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, ó juwọ́ sí àwọn ènìyàn, ó sì ṣubú lulẹ̀ sẹ́yìn. Kápẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé Ọlọ́lá Jùlọ ló ṣubú. Ó ń gbé e lọ. Agbádá fẹ̀ sórí rọ́bà, ẹsẹ̀ dì mọ́ pákó, pákó ń ha *gààràgà* lára irin ẹ̀gbẹ́, Alága sì ń ké pe Hamid, pe Ọlọ́run, pe ìyá rẹ̀, ní ọ̀nà tí kò bá ipò mu. Ní ìdajì òkè, Shiloh tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dúró. Pákó wúrà dúró lóòró, rọ́bà alẹ̀mọ́ra abẹ́ rẹ̀ sì ti há sétí irin. Bí ó ti ń mì, ojú Alága ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti ibi fìlà, ó ṣí dé imú, ó ṣí dé irùngbọ̀n, ó sì já bọ́ sórí òjò dídì.

Àmírà, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n bí sí Peckham, tí Yorùbá rẹ̀ kì í tò dáadáa, nàka sí i. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ojú Chairman ti bọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Mummy, ojú ti Chairman!"

Ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ gún. Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn ìbá yọ́ òjò dídì.

Aunty Mìsítúrà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí wákàtí ẹgbẹ́ parí, obìnrin onídàánwò sì ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan láti Catford tó ni wákàtí tó tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú olùkọ́ wọn, Malachi. Pákó aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ apá wọn. Òwú pupa wà lára ìdè.

Nusaybah ti sáré dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Níbo lẹ ti rí ìwọ̀nyí?"

Malachi ní ilé ìtajà ló kó wọn fún àwọn. Ó ní òun kò tíì rí irinṣẹ́ tí wọ́n tọ́jú dáadáa báyìí rí. Ẹni tó rán okùn wọ̀nyí, òun ìbá fẹ́ kí i.

"Èmi ni," ni Aunty Mìsítúrà wí. Ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan. "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó gùn jù yẹn, ẹ yá ọmọ yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Malachi kò béèrè ìdí. Ó gbé e fún un pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Aunty Mìsítúrà kúnlẹ̀ lórí yìnyín, ó de ìdè fún Nusaybah fúnra rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. "Lọ. Má wo ẹnikẹ́ni."

Nusaybah gun òkè ńlá. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀tún, ní òsì, ó dúró níbi tí wọ́n ní kí ó dúró, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí ó ti ń bọ̀, híjáàbù rẹ̀ dì pinpin lábẹ́ àṣíborí. Nígbà tí ó ń ṣe ìyí tó kẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń fi ọkọ̀ ọmọlanke orí yìnyín fa Alága kọjá nísàlẹ̀, wọ́n fi aṣọ àsíá rẹ̀ bò ó nítorí òtútù. Egungun rẹ̀ kankan kò ṣẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè. Obìnrin onídàánwò kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì bọ Nusaybah lọ́wọ́.

Ìpàdé Sátidé tó tẹ̀ lé e kún débi pé àwọn kan dúró. Lẹ́tà dé láti gbọ̀ngàn òjò dídì: ẹgbẹ́ yóò máa gba wákàtí rẹ̀ nítorí olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ní agbádá kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Hamid ló kà á. Nígbà tí ó kà á tán, ó fi kún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé bàtà yẹn kò ní wọlé, pé ẹ̀rù ló ba òun. Àwọn ènìyàn wò ó bí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ bàtà, wọ́n sì ní kí ó jókòó.

Alága dìde. Ojú ewé mẹ́sàn-án ló kọ. Ó ní ọ̀tá ló wà nídìí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn ẹni ńlá ni ayé ń gbógun tì. Ní ojú ewé kẹrin, ẹnìkan ní kí wọ́n dìbò. Wọ́n béèrè pé ta ló fẹ́ kí Alága máa bá a lọ. Ọwọ́ kan lọ sókè, òrùka wúrà sì ń dán lórí ìka rẹ̀: ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ó wo Hamid. Hamid ń ka iná mànàmáná tó wà lájà.

Wọ́n béèrè pé ta ló fẹ́ kí Aunty Mìsítúrà jẹ alága. Ọwọ́ gbogbo àwọn tó kù lọ sókè, àfi ti Aunty Mìsítúrà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ oyè, kọ́kọ́rọ́ ni òun fẹ́. Wọ́n fún un ní méjèèjì.

Alhaji Làtíìfù kó ojú ewé mẹ́sàn-án rẹ̀ jọ. Ó ń retí kí ẹnìkan bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò wa bọ́ọ̀sì. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó sì ń dúró. Láti ọdún mẹ́ta tí ó ti ń jáde níbẹ̀, Hamid ló máa ń ṣí i. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Kò ṣí. Ó fi agbára fà á. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i.

Nusaybah ló dìde. Kò rẹ́rìn-ín, ohùn tí yóò máa fi bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sọ̀rọ̀ láti Sátidé tó ń bọ̀ ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Uncle, ẹ má fà á. Ẹ tì í."

Ó tì í.